Kọ́pì 397 ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi: kí là ń pè ní àṣeyọrí fún Kristẹni tó ń kọ̀wé?

Abẹ́Fìtílà:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ tòní ti kọjá èyí téèyàn ń gbé mì. Tísà ni mí, mo kọ ìwé ìtàn àròsọ kan lédè Yorùbá, ó dá lórí ọ̀gá akọrin kan tó jẹ gbèsè tó wá ń yọ owó ìjọ díẹ̀díẹ̀ fi san án. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, òru ni mo sì ń kọ ọ́, torí ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, iná ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ibẹ̀ lẹ ti rí orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo tẹ 500. ₦1,150 ni kọ́pì kan já sí, ₦2,500 ni mo ní kí wọ́n máa rà á.

A ṣe ìkójáde, a se ìrẹsì, a ra mínírà. Alága ọjọ́ náà dìde ó ní òun fi ₦100,000 gbé ìwé náà jáde, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, dùùrù dún. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti pè é, ìrìn àjò ló máa ń wà. Mo ti ta 63, mo ti fi 40 tọrẹ. Ẹ ṣírò èyí tó kù.

Owó kọ́ ló sì dùn mí jù. Díákónì kan gba ìwé náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ó ṣí i láàárín, ó kà á díẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ṣé nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?" Mo ní rárá sà, mo rò ó ni. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà sórí tábìlì, ó ní "Irọ́ nìyẹn nígbà náà." Ó sì lọ gba ìrẹsì.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn fa páálí méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fáànù lé e. Mo gbàdúrà kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbàdúrà nígbà tí mo parí. Ṣé Ọlọ́run ló rán mi àbí èmi ni mo rán ara mi?

ÌyáníwéÀdúrà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o bọ̀dá. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìtàn àròsọ kì í tà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé àdúrà ló ń tà. Ìwé àdúrà òru tí mo kọ, ojú ewé 64 péré, mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 1,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó kù ńlẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń ra márùn-ún lẹ́ẹ̀kan láti fi ta ọmọ wọn àti àǹtí wọn lọ́rẹ. Ẹ gbé ìtàn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, ẹ kọ ìwé àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ fi owó ẹ̀ san gbèsè, kẹ́ ẹ tó padà sí ohun tó wà lọ́kàn yín.

Mo tún máa sọ ìkejì ẹ̀, torí pé ẹnì kankan ò mọ̀ mí níbí. Mi ò lè jókòó ka ìwé yẹn fúnra mi. Tí mo bá ṣí i, mo máa ń rí ibi tí mo ti ń sáré.

Alátẹ̀wé_Ṣómólú:
Ọ̀gá Tísà, ẹ kú ìnáwó. Èmi tẹ́ ẹ rí yìí, ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, bí ẹ bá mọ iye páálí ìwé tí wọ́n wá tẹ̀ tí wọn ò padà wá kó, ẹ ò ní sunkún mọ́. Mo ní ti ọ̀gá kan tó ti lé ní ọdún márùn-ún, eku ti jẹ ìdá kan nínú ẹ̀, àkọlé ìwé náà sì ni "bí o ṣe lè borí". Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ o.

Nǹkan kan wà tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún yín ò sọ. Iṣẹ́ litho, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi pléètì tẹ ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó fíìmù àti pléètì yẹn, ì báà jẹ́ 500 lẹ tẹ̀, ì báà jẹ́ 2,000, iye kan náà ni, ìdí nìyẹn tí kọ́pì kan fi máa ń wọ́n tí ìwé bá kéré. Àmọ́ ẹni tí ò tíì mọ ibi tó máa tà á sí, kò yẹ kó sún mọ́ litho rárá. Kí ẹ tẹ 50 lórí ẹ̀rọ díjítà, á wọ́n díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbé fáànù lé nǹkan kan.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ìyá kan tó wá láti Ìkòròdú. Ẹ̀rí bí Ọlọ́run ṣe gbà á lọ́wọ́ àìsàn ló kọ, ojú ewé 32, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. 100 kọ́pì. Ó tú owó jáde látinú ìdí gèlè, ₦200 ₦200 ló pọ̀ jù níbẹ̀, a kà á títí. Mo ní kí ọmọdé ṣọ́ọ̀bù bá wọn gbé ẹrù dé ibùdókọ̀, wọ́n ní rárá o, wọ́n ṣu òṣùká, wọ́n gbé e ka orí fúnra wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n tà á, mi ò tiẹ̀ bi wọ́n bóyá títà ni.

Mo sì ní ìbéèrè kan fún ẹ̀yin gan-an: ṣé ìyàwó yín ti kà á?

Ojú_Abẹ́rẹ́:
Ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́ jàre. Ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tà ló máa ń sọ pé owó kọ́. Mi ò tíì rí ẹni tí ìwé ẹ̀ ń tà wàràwàrà tó kúnlẹ̀ pé Olúwa gba èyí kúrò lórí mi. Tí alágbẹ̀dẹ bá jẹ́ Kristẹni, tí ọkọ́ tó rọ bá ṣẹ́ lóko lọ́jọ́ kìíní, ṣé a máa ní Ọlọ́run ń dán an wò ni? A máa ní kò mọ irin rọ.

Ìwé Kristẹni tó kún ilẹ̀ yìí, fọ́tò ọ̀gá nínú kóòtù lẹ́yìn ìwé, àṣìkọ lójú ewé kìíní, orí kejì àti orí karùn-ún ọ̀rọ̀ kan náà, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà kankan, "oko", o ò mọ̀ bóyá ọkọ obìnrin ni àbí oko ẹ̀gẹ́, tó o bá wá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló darí àwọn. Ẹ̀mí Mímọ́ ò mọ àmì ohùn ni? Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù 31, Ọlọ́run fi ẹ̀mí ẹ̀ kún Besaleli, kí ló fi ẹ̀mí náà ṣe? Iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ fàdákà, igi gbígbẹ́. Kò fi fọ èdè àjèjì.

Nítorí náà ọ̀gá Tísà, ìbéèrè tèmi kì í ṣe bóyá Ọlọ́run rán yín. Ṣé ìwé náà dáa?

Abẹ́Fìtílà:
@Ojú_Abẹ́rẹ́ ìbéèrè yẹn gún mi o, àmọ́ mo gbà á. Mo rò pé ó dáa. Orí kẹfà, níbi tí ọ̀gá akọrin ti ń ka owó ọrẹ lójú fèrèsé tó sì ń kọ orin lábẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ má baà gbọ̀n, ìgbà mọ́kànlá ni mo tún un kọ. Ibi tí kò dáa ni ìparí, mo sáré parí ẹ̀ torí ọjọ́ ìkójáde ti sún mọ́, mo jẹ́ kó ronú pìwà dà nínú ìpínrọ̀ kan.

@Alátẹ̀wé_Ṣómólú ẹ gbà mí láyè kí n má dáhùn tiyín.

Alátẹ̀wé_Ṣómólú:
Mo ti gbọ́ èsì ẹ̀ 😂

ÌyáníwéÀdúrà:
Ìpínrọ̀ kan kẹ̀? Bọ̀dá mi, olè ọdún mélòó. Sákéù gan-an gun igi kó tó pìwà dà.

Ọwọ́_Ẹlòmíì:
Iṣẹ́ tèmi ni pé mò ń bá àwọn èèyàn ńlá kọ̀wé. Wọ́n á fún mi ní téèpù ìwàásù mẹ́wàá, èmi á sọ ọ́ di ìwé, orúkọ wọn á wà níwájú, orúkọ mi ò ní sí níbì kankan, kódà lójú ewé ọpẹ́. Ó ti tó mẹ́sàn-án báyìí. Níbi ìkójáde ọ̀kan, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé báàgì, mo jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń ka ìpínrọ̀ tí mo fi òru méjì kọ, ìjọ ń ké halelúyà, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sanwó mi o, mi ò purọ́ mọ́ wọn, owó yẹn ni mo fi ń san owó ilé. Ṣé àṣeyọrí nìyẹn? Ìwé tí mo kọ ti dé ìlú tí mi ò lè dé.

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí mo fẹ́ràn, Róòmù 16:22. Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti orí kìíní, ó ń kí ẹni yìí ó ń kí ẹni yẹn, ló bá di pé ohùn míì yọ níbẹ̀: "Èmi Tertiu, tí ń kọ Episteli yìí, kí yín nínú Olúwa." Ẹ ò rí i? Akọ̀wé ni! Gbogbo ìwé Róòmù pátá, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà kan péré ló fi ti ara ẹ̀ sí, ìkíni ló sì fi ṣe. Tí mo bá ti dé ẹsẹ yẹn, ṣe ló máa ń dà bíi pé mo rí ẹbí mi láàárín èrò.

Baba_Tísà:
Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń lò yìí, àṣeyọrí, ẹ tú u wò ná. Nǹkan téèyàn ṣe tó fi yọrí. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ti yọrí nílé wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti parí, ó ti jáde, kò há síbì kankan mọ́. Èrè ní orúkọ tiẹ̀, òkìkí ní orúkọ tiẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìkòkò kan. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pàápàá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí tí odindi ẹ̀ jáde ní 1884, ẹ lọ wo Jóṣúà 1:8 níbẹ̀, ibi táwọn oníwàásù ti máa ń pariwo àṣeyọrí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé "nígbà náà ni yóò sì dára fún ọ." Ó mọ síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Àlùfáà Samuel Johnson. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846, Ìbàdàn ló ti dàgbà lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, òun ni wọ́n ń rán láàárín àwọn ọmọ ogun nígbà ogun Kírìjì láti wá àlàáfíà. Gbogbo ọ̀nà tó ń rìn yẹn, ó ń bi àwọn àgbà léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó ní 1899, ìwé wọgbó, wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Kò sí fọ́tókọ́pì nígbà yẹn o, kò sí ìmeèlì. 1901 ni Johnson kú.

Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀, ó tún gbogbo ẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ní January 1916 wọ́n tún fi ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam gbé e, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà! Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé tó tẹ àwọn alátẹ̀wé lọ́wọ́, bébà tún gbówó lórí. 1921 ló jáde. Dókítà ti kú ní 1920. Àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìwé náà. Samuel ti lo ogún ọdún nínú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra kọ́pì kan.

Èmi ò lè sọ pé ọkùnrin yẹn ò ṣàṣeyọrí. 1897 niṣẹ́ ẹ̀ yọrí.

Ojú_Abẹ́rẹ́:
Baba, ẹ ṣé, ìtàn yẹn dùn. Ẹ má bínú sà, àmọ́ ìdí tá a fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé ìwé náà jáde nígbẹ̀yìn. Àwọn tí tiwọn wọgbó tí wọn ò sì ní àbúrò tó jẹ́ dókítà ńkọ́?

Baba_Tísà:
O jàre, ọmọ mi. Mo ti rò ó láti àárọ̀, mi ò rí fèsì.

MàmáKent:
Ẹ kúrọ̀lẹ́ o. Mo ń yára kọ èyí ni torí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń lọ. Ẹ gbé e sórí Amazon kẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń gba ìwé èdè Yorùbá. Ìwé orí ẹ̀rọ, tí iye tẹ́ ẹ fi sí i bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ lè gbà, tó bá dín tàbí lé, 35 ni. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, Amẹ́ríkà máa yọ owó orí ìdá 30 lórí èyí tí wọ́n bá rà lọ́dọ̀ wọn, torí kò sí àdéhùn owó orí láàárín wọn, àwa tó wà ní UK ní àdéhùn, wọn kì í yọ tiwa. Ọdún kìíní tèmi, kọ́pì 11 ló tà. Àwọn àbúrò mi ló ra 8. Mo ṣì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo àárọ̀ ṣá, bí ẹni tó ń wo adìyẹ tó sàba.

Pásítọ̀_Abúlé:
Mo bá yín yọ̀ nínú Olúwa. Ìjọ tèmi ò ju ogójì èèyàn lọ, kí ẹ má baà rò pé ẹni ńlá ló ń sọ̀rọ̀.

@Ojú_Abẹ́rẹ́ ìbéèrè tó o bi Baba yẹn, Jeremáyà 36 ló gbé mi lọ. Baruku fi tàdáwà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Jeremáyà sínú ìwé kíká, wọ́n kà á níwájú ọba Jehoiakimu, ìgbà òtútù ni, iná wà níwájú ọba. Bí wọ́n bá ti ka ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ gé e, á jù ú síná, títí tí gbogbo ẹ̀ fi jóná. Kí ni Ọlọ́run wá sọ? Kò ní kí wọ́n máa sunkún. Ó ní kí wọ́n mú ìwé míì, kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi kún un.

Èyí tó le ni orí 45. Kúkúrú ni, ẹsẹ márùn-ún, Baruku nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ń kérora, Ọlọ́run wá bi í pé "ìwọ ha ń béèrè ohun ńlá fún ara rẹ? Má ṣe béèrè." Ohun tó ṣèlérí fún un ò ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ, pé níbikíbi tó bá lọ kò ní kú. Kò sí pé àwọn orílẹ̀-èdè á ka ìwé ẹ. Mi ò rí ẹni tó fi orí yẹn wàásù níbi ìkójáde ìwé rí, èmi náà ò dán an wò.

Ti díákónì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí Nátánì lọ bá Dáfídì lórí ọ̀rọ̀ Bátíṣébà, tó bá là á mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, orí ẹ̀ ló máa bá a lọ. Àgùntàn kékeré ló kó wá, àgùntàn tó ń jẹ nínú oúnjẹ tálákà tó ni ín, tó ń sùn láyà ẹ̀. Ibo ni àgùntàn yẹn wà? Kò sí níbì kankan. Dáfídì bínú nítorí àgùntàn tí wọn ò bí rí, ibẹ̀ lọwọ́ ti bà á.

Ọwọ́_Ẹlòmíì:
Pásítọ̀, "tí wọn ò bí rí". Màá jí gbólóhùn yẹn, ọ̀gá mi kan máa fi wàásù, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ yín níbẹ̀ 😅

ÌyáníwéÀdúrà:
Mo ti ń ronú láti àná. Bọ̀dá Tísà, ẹ fi márùn-ún ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn, màá sanwó ẹ̀ tán pátá, kì í ṣe ẹ̀dínwó. Nínú àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń ra ìwé àdúrà, màá fi ọ̀kan lé ìyá kan tó jẹ́ akápò ìjọ lọ́wọ́, ká wo ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa tún tẹ̀ ẹ́, ẹ tún ìparí yẹn ṣe, mo bẹ̀ yín.

Ojú_Abẹ́rẹ́:
Èmi náà, méjì. Màá sọ òótọ́ fún yín tí mo bá kà á tán, kí ẹ tètè múra.

Abẹ́Fìtílà:
Ẹ ṣé gan-an ni. 390 ló máa kù. Mo ti kọ́wọ́ bọ ìparí yẹn lálẹ́ àná, mi ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀gá akọrin yẹn máa jẹ́wọ́ rárá.

@Alátẹ̀wé_Ṣómólú ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo dé láti ilé ìwé lónìí, mo bá fáànù nílẹ̀, páálí kan ti ya, ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò tíì gbé ọbẹ̀ kaná. Ó ti dé ojú ewé 88. Mo ní báwo ló ṣe rí, ó ní ìyá òun ni mo kọ síbẹ̀ yẹn, ìyá akọrin tó máa ń béèrè owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kí i. Mo ní rárá o, mo rò ó ni. Ó ní òun á fi ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí ìyá òun lórí WhatsApp, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ. Ẹ̀yin ará, ẹ gbàdúrà fún mi, fóònù ẹ̀ ṣì ń gba iná lọ́wọ́.